Ìjókòó Kẹtàdínlógún

Èmi ni mo ń fọ bọ́ọ̀lù.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ni, wọ́n sì ń sanwó rẹ̀.
Bọ́ọ̀lù ọgbọ̀n, garawa méjì,
ọṣẹ tó ń ta bí ata lójú ọgbẹ́.
Kí fèrè tó dún, mo ti nu awọ wọn
bí ìyá ṣe ń nu ojú ọmọ tuntun.

Oṣù méjì gbáko ni koríko fi hù, tí bàtà kan ò tẹ̀ ẹ́,
ní Hesselbrück wa níbí, létí odò Ruhr,
níbi tí àwọn bàbá wa ti wa èédú títí inú ilẹ̀ fi ṣófo.
Ìjọba wá ní: ẹ máa gbá a, ṣùgbọ́n ẹ ti ilẹ̀kùn.
Àga ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sí ìdí kan lórí wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Waltraud Pawlitzki dé ẹnu géètì
pẹ̀lú páálí lábẹ́ abíyá.
Ẹgbẹ́ wa ti kéde pé kí olólùfẹ́ mú àwòrán wá,
yúrò mọ́kàndínlógún, a ó gbé e sórí àga.
Kò fún ilé ìfìwéránṣẹ́. Kò fọkàn tán wọn.
Alfons, ọkọ rẹ̀, ló wà lára páálí náà,
fìlà búlúù, eyín iwájú kan tó ti yọ,
ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní pẹ́nárítì.
Eruku èédú ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kò rí i gbé ṣe;
ohun tí ojú ò rí ló mú un lọ nínú oṣù Igbe.
Èèyàn márùn-ún ló sin ín.
Àlùfáà dúró lọ́hùn-ún, ó ń pariwo àdúrà.
Igi ganganran má gùn mí lójú,
òkèèrè náà la ti wo Alfons wọlẹ̀.

“Ìlà kejìlélógún, ìjókòó kẹtàdínlógún,” ni Waltraud wí.
“Má gbé e síbòmíràn o.
Ẹni tó ń jókòó lọ́tùn-ún rẹ̀ máa ń jẹ àlùbọ́sà,
ó ti mọ́ ọn lára.”
Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà.
Ìdajì ojú ló hàn lókè ìbòmú rẹ̀,
ìdajì náà sì tó.

Sátidé.
N ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọ̀n ní ohùn.
N ò mọ̀ pé agbábọ́ọ̀lù máa ń kérora bí alágbàro,
pé kóòṣì wa lè bú èèyàn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀
láìmí.
Ẹyẹlé kan bà sórí òpó gólì, ó wò yíká,
ó jọ pé ó ṣìnà.

Ìṣẹ́jú kọkànléláàádọ́rin,
Timur Aydoğmuş, ọmọ tí wọ́n bí sẹ́yìn pápá yìí gan-an,
gbá a wọlé.
Ó sáré lọ sí igun, ó na apá méjèèjì,
ó ti la ẹnu,
kó tó rántí.
Apá rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.
Ẹnìkan fi ìgbọ̀nwọ́ kàn án ní ìgbọ̀nwọ́. Ó parí.

Kò pẹ́ ni ẹlẹ́yìn wọn kan gbá bọ́ọ̀lù sókè láìwò,
ó gòkè, ó gòkè,
ó já lu ìlà kejìlélógún. Gbàù!
Mo sáré gun àtẹ̀gùn, èmi ẹni ọgọ́ta ọdún.
Alfons ti dojú bolẹ̀, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.
Òfin ní kí n fi ọṣẹ fọ ohunkóhun tí bọ́ọ̀lù bá fara kàn.
Mo fọ bọ́ọ̀lù.
Alfons, mo kàn gbé e jókòó ni,
mo sì tún fìlà rẹ̀ ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé páálí ni fìlà náà.

Alẹ́ lẹ́, fóònù dún.
“Ṣé ó rí gólì yẹn?”
Mo ní bọ́ọ̀lù tilẹ̀ wá bá a níbi tó jókòó sí.
Ó dákẹ́.
“Ṣé ó gbá a padà?”
Mo ní orí ló fi kàn án.
Waltraud rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi wúkọ́,
àwa méjèèjì sì dákẹ́,
a ń tẹ́tí sí ikọ́ náà.